Ìmójì ni kẹ́ ẹ fi mọ present continuous, ẹ fi "ń" sílẹ̀ ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "she is cook" tàbí "I coming", ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí o, ẹ má bínú. Àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó lè dá kọ́sítọ́mà lóhùn lédè Òyìnbó, àtẹ̀yin tí màmá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fóònù ńlá tó wá ń wù wọ́n kí wọ́n máa tẹ Gẹ̀ẹ́sì lórí WhatsApp bí àwọn ọmọ wọn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kẹ́ ẹ tó lọ ra ìwé gírámà kankan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn níbí, ẹ ṣí kíbọọ̀dù fóònù yín, ẹ tẹ ibi tí ojú tó ń rẹ́rìn-ín yẹn wà, àwọn àwòrán kéékèèké ibẹ̀ là ń pè ní ìmójì. Ohun tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ ní lẹ́sìn alẹ́ ní Mọ́kọ́lá, àwọn télọ̀, àwọn ìyá tó ń tajà, àwọn bọ̀dá tó ń wa Micra, ohun tí mo sì rí ni pé ọ̀rọ̀ kọ́ ni wọn ò ní. Wọ́n mọ "cook", wọ́n mọ "run", wọ́n mọ "wash" dáadáa. Ibi tó ti ń dàrú mọ́ wọn lójú ni tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan ọ̀hún ń lọ lọ́wọ́ báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní present continuous, torí wọ́n á kọ́kọ́ rò ó ní Yorùbá, "ń" á ti wà níbẹ̀, wọ́n á wá máa wá ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò "ń" yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ torí Gẹ̀ẹ́sì ò ní nǹkan kan ṣoṣo tó bá a mu.

Ìmójì ò ní "ń" nínú. Ẹ wo 🏃 dáadáa, ó ti gbéra, kò tíì débi tó ń lọ. 🏊 ò tíì jáde nínú omi. 😴 ò tíì jí. Ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ tí kò sì tíì parí, ohun tí present continuous ń sọ nìyẹn, ẹ sì ti fojú rí i kẹ́ ẹ tó la ẹnu. Torí náà mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ má túmọ̀, ẹ wo àwòrán kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, Jàpáànù ni wọ́n ti gbé ìmójì wá. Ọdún 1999 ni Shigetaka Kurita àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe 176 fún NTT DoCoMo, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wọn lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ti ṣe tiwọn ṣáájú. Nígbà tó di 2010 ni Unicode, àjọ tó ń to lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà àti fóònù, wá kó ìmójì mọ́ àwọn lẹ́tà tí fóònù gbogbo ayé jọ ń lò, òun ló jẹ́ kí 😴 tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ní Bẹẹrẹ dé fóònù ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù láì di nǹkan mìíràn.

WhatsApp ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo SMS. SMS kan máa ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ki ìmójì kan péré bọ inú rẹ̀, 70 ló máa kù, tẹ́ ẹ bá wá gbàgbé tẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ gígùn, owó méjì mẹ́ta ni wọ́n á yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń wá ìmójì lórí kíbọọ̀dù, ẹ tẹ "sleep" síbẹ̀, 😴 á yọjú, ẹ tẹ "dance", 💃 á yọjú. Èmi fẹ́ràn èyí gan-an torí ẹni tó bá fẹ́ rí àwòrán náà gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fúnra ẹ̀, spelling ń wọlé láì sí pé tíṣà ń pariwo lé èèyàn lórí.

Ó yá, iṣẹ́. Ẹ mú ìmójì mẹ́ta, ẹ tò wọ́n báyìí:

👩 🔗 🍳

Èyí àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń ṣe nǹkan. Èyí ìkẹyìn ni nǹkan tó ń ṣe. Ẹ̀wọ̀n tó wà láàárín yẹn ni "am", "is" tàbí "are". Ẹ wá kà á jáde: "She is cooking." Ẹ̀wọ̀n yìí ni mo fi ń lé àwọn tó máa ń sọ pé "she cooking" mú, torí ẹni tó bá tẹ 👩 🍳 lásán, gbogbo kíláàsì á pariwo pé "ẹ̀wọ̀n dà?" Àwọn kejì ni àwọn tó rántí ẹ̀wọ̀n ṣùgbọ́n tí wọ́n gé ìrù ọ̀rọ̀ ìṣe, àwọn "she is cook" nìyẹn. Fún àwọn yẹn mo ní kí wọ́n tẹ ⏳ sí ẹ̀yìn 🍳, ⏳ yẹn ni "-ing", iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dà lọ, nǹkan ọ̀hún ò tíì tán. 👩 🔗 🍳⏳. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ pé, ẹ̀wọ̀n àti ìrù. Tí ọ̀kan bá ti sọnù, kò tíì di gbólóhùn.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ìmójì. Ẹ mú mẹ́wàá péré, kẹ́ ẹ yí ẹni tó ń ṣe é padà: 🙋 🔗 😴⏳ "I am sleeping", 👦 🔗 😴⏳ "He is sleeping", 👨‍👩‍👧 🔗 😴⏳ "They are sleeping". Ẹ̀wọ̀n nìkan ló ń pààrọ̀, "am" fún èmi nìkan, "is" fún ẹnì kan tàbí nǹkan kan, "are" fún ìwọ àti fún ẹni tó bá ti ju ọ̀kan lọ. Èyí sàn ju kí àgbàlagbà dìde kó máa kọ "I am going, you are going, he is going" lórin bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ fíìfíì. Wọ́n á kọ ọ́ ní àkọ́sórí, tí wọ́n bá dé títì ni wọ́n á tún sọ pé "I going".

Ibi tó wá le fún ọmọ Yorùbá ni "he" àti "she". Àwa "ó" nìkan la ní, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ajá ni o, "ó ń bọ̀" ni. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ṣe máa ń gbọ́ kí èèyàn sọ pé "my husband, she is travelling". Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́ gan-an. Ìmójì ń wo ìyẹn sàn torí láti 2016 ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe nǹkan ti ní takọtabo: 🏃‍♂️ "He is running", 🏃‍♀️ "She is running", 🏊‍♂️ "He is swimming", 🏊‍♀️ "She is swimming". Ẹ fi ránṣẹ́ wéréwéré, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, kí ẹni tó ń kọ́ dáhùn kó tó ráyè ronú. Tí fóònù rẹ̀ bá ti pẹ́ jù, ó lè rí 🏃 pẹ̀lú àmì ♀ lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò burú, àmì yẹn á tọ́ka sí i.

"Wọ́n" tún wá ńkọ́? Èyí pa wá lẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà fi èyí ránṣẹ́ sínú gúrúùpù wa: 👵🏾 🔗 🍲⏳, ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "They are cooking." Mo bi wọ́n pé màmá, orí mélòó lẹ rí níbẹ̀? Wọ́n ní ọ̀kan. Mo ní ṣé "they" wá ni ẹnì kan? Wọ́n gbé fọ́ìsì nóòtì dìde: "Tíṣà, ìyá ọkọ mi ni mo ní lọ́kàn o! Ṣé kí n wá máa pe ìyá ọkọ mi ní 'she' bíi pé mo bí wọn ni?" Gbogbo gúrúùpù ya bo ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan ní òótọ́ ni, àwọn kan ní Òyìnbó ò mọ̀wé ọ̀wọ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé Gẹ̀ẹ́sì ò tọ́jú ọ̀wọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, orí tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ kà. Ṣùgbọ́n tí "she" bá ń wúwo lẹ́nu yín fún àgbàlagbà, ẹ pè wọ́n: "Mama is cooking." "Daddy is eating." Gírámà pé, ìyá ọkọ náà ò ní bínú. Láti ọjọ́ náà "Mama is" ni wọ́n ń lò, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Lórí spelling, mi ò ní pẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá parí sí "e" tí a kì í pè, "e" á jáde kí "-ing" tó wọlé: ✍️ "write" di "writing", 💃 "dance" di "dancing". Tí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo bá wà níwájú kọńsónáǹtì kan ṣoṣo tó parí ọ̀rọ̀ kékeré, kọńsónáǹtì yẹn á di méjì: 🏃 "running", 🏊 "swimming", ✂️ "cutting", àti "stirring" fún ẹni tó ń ro àmàlà lórí iná. 🍳 "cooking" ò ní k méjì torí o méjì ló wà níwájú k. Ẹ̀yin télọ̀, "sew" di "sewing", w kì í di méjì láé, ẹ̀yin mẹkáníìkì, "fix" di "fixing", x náà bẹ́ẹ̀. Gèlè ló ya tiẹ̀ sọ́tọ̀: "tie" di "tying", "She is tying her gele." "Lie" náà di "lying".

Ẹ rí i pé mi ò fi ìmójì kankan sí àmàlà àti gèlè. Kò sí. Kò sí ẹni tó ń ro àmàlà nínú kíbọọ̀dù, kò sí ẹni tó ń gún iyán, kò sí ẹni tó ń dirun, 💇 tó wà níbẹ̀ wọ́n ń gé irun ẹ̀ ni. Ẹ lo 🥣 tàbí 🧵 kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí ohun tó dúró fún, tàbí kẹ́ ẹ kúkú ya fọ́tò. Fọ́tò obìnrin tó ń ro àmàlà fún èrò ọ̀sán, tí èéfín bo ojú ẹ̀, dáa ju ìmójì lọ. Ẹ sáà gba àyè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó yà wọ́n o.

Ẹ wá gbé e sẹ́nu. Ẹ fi ìmójì ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́ìsì nóòtì dáhùn, kì í ṣe títẹ̀ nìkan. Ó níbi tí ahọ́n Ìbàdàn ti máa ń tú wa fó, ẹ̀yin náà mọ̀, "ṣ" wa máa ń di "s" tọ́rọ̀ bá yá. "She is washing" á di "see is wassing". Fún èyí mo máa ń fi 👀 àti 👩 ránṣẹ́ léraléra, 👀 👩 👩 👀 👩, 👀 ni "see", 👩 ni "she", kí wọ́n kà á sókè títí ẹnu á fi mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó bá ń pe "cooking" ní "kukin", ẹ fi sílẹ̀ jàre, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ ọ. "Is" tí wọ́n bá gbé mì ni kẹ́ ẹ máa dá wọn dúró sí.

Ìbéèrè rọrùn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ̀wọ̀n á fò lọ síwájú, ìyẹn nìkan ni: 🔗 👩 🍳⏳ ❓ "Is she cooking?" 🔗 👉 😴⏳ ❓ "Are you sleeping?" Àwa ní "ṣé" tí a máa ń gbé síwájú láì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé "you are sleeping?" tá a kàn gbé ohùn sókè. Wọ́n á gbọ́ o, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìdánwò lẹ fẹ́ kọ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n fò.

"Not" ni kẹ́ ẹ bá mi dúró lé lórí díẹ̀, torí "ń" wa máa ń pòórá níbẹ̀. "Mò ń jẹun", tẹ́ ẹ bá sẹ́ ẹ, "mi ò jẹun" ló máa dà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, "mi ò jẹun" lè jẹ́ pé mi ò jẹun lánàá, ó sì lè jẹ́ pé mi ò jẹun lọ́wọ́ báyìí, ẹni tá a jọ ń sọ̀rọ̀ ló máa mọ èyí tí mo ní lọ́kàn. Gẹ̀ẹ́sì ò gba ìyẹn. Ẹnì kan pè yín, ó ní ṣé òun ò dí yín lọ́wọ́ oúnjẹ, tẹ́ ẹ bá dáhùn pé "I did not eat", ó máa rò pé ebi ń pa yín ni, bóyá á tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín kẹ́dùn. Ẹ ò ṣáà jẹun lọ́wọ́ ni: "I am not eating." Ẹ tẹ 🚫 sẹ́yìn ẹ̀wọ̀n: 🙋 🔗🚫 🍽️⏳. Ẹ̀wọ̀n ò lọ, ìrù ò lọ, "not" kàn bọ́ sáàárín wọn.

Wàyí o, "ń" tí mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti "-ing" lọ, ó sì tún kéré sí i níbòmíì. Ẹ wo "mò ń ta aṣọ ní Gbági". Ẹni tó sọ ọ́ lè wà nílé lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ tó ń ṣe ló ń sọ. Tó bá wá sọ fún Òyìnbó pé "I am selling clothes at Gbagi", ẹni yẹn á rò pé ó wà lọ́jà báyìí, tàbí pé iṣẹ́ ọ̀hún ò ní pẹ́ tán. Ohun tó yẹ ni "I sell clothes at Gbagi." Nǹkan tẹ́ ẹ bá ń ṣe lójoojúmọ́, ẹ tẹ 🔁 sí i. 🔁 bá ti wọlé, ẹ̀wọ̀n àti ⏳ gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ fi àwọn ìmójì kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: 🙋 🔗 🚗⏳ "I am driving", ẹ má pè mí, ọwọ́ mi wà lórí sítíàrìn, 🙋 🚗 🔁 "I drive", iṣẹ́ mi nìyẹn, Ìwó Road sí Gbági ni mò ń ná.

❤️ àti 🧠 náà kì í sábà gba ⏳. Kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan nínú àwòrán wọn, inú ni wọ́n wà. "Know", "want", "need", "believe", "understand", ẹ má fi "-ing" sí wọn. "I am knowing him" ò sí. "Have" náà, tó bá jẹ́ pé ẹ ní nǹkan ọ̀hún ni: "I am having two children" máa dà bí ẹni pé ẹ wà lórí ìkúnlẹ̀, ìbejì sì ni. "I have two children" ni. Ṣùgbọ́n 🛀 "I am having a bath" dára, torí nǹkan tẹ́ ẹ ń ṣe nìyẹn, ó sì máa parí. Lórí fóònù, "I am hearing you" tí gbogbo wa ń sọ yìí, "I can hear you" ló dáa jù.

Èyí tó tún yí padà pátápátá ni ibi tí Yorùbá ò ti fi "ń" sí i, tí Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ "-ing". 🧍 Ó dúró. 🧎‍♀️ Ó kúnlẹ̀. 🛌 Ó dùbúlẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní sọ pé "ó ń dúró" fún ẹni tó dúró sábẹ́ igi ní Agodi jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n "He is standing", "She is kneeling", "He is lying down" ni Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ ló le jù níbẹ̀. Tí mo bá ní "ó wọ bùbá pupa", ó ti wọ̀ ọ́ tán, ó wà lọ́rùn ẹ̀. "She is wearing a red buba" ni. Tí mo bá ní "ó ń wọ bùbá", ọwọ́ kan ṣì wà níta nìyẹn, "She is putting on a buba." Àwọn tó bá ń tẹ̀lé "ń" lójú afọ́jú á sọ pé "she wear red buba" fún àkọ́kọ́, wọ́n á wá lo "wearing" fún ìkejì. Ẹ wo àwòrán ní tiyín, ṣé aṣọ ti wà lára ni àbí ó ṣì ń wọlé lọ?

Àwọn ìmójì kan wà tó máa dá ìjà sílẹ̀, ẹ má lò wọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. 🙏 ni olórí wọn, ẹnì kan á ní "She is praying", ẹnì kejì "She is begging", ẹnì kẹta "She is thanking God", wọ́n á sì jọ gbà. 😂 ní omi lójú ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín, èyí yẹn náà ni àwọn Oxford tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè mú ní ọ̀rọ̀ ọdún 2015, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá. 😭 ni ẹkún, "He is crying", àmọ́ ẹ bi àwọn ọmọ UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi ìyẹn náà rín. Nígbà tí gírámà bá ti múlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá kó àwọn wọ̀nyí jáde, kí kálukú gbèjà tiẹ̀ lédè Òyìnbó, ariwo yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́.

Tẹ́ ẹ bá wà nínú mọ́tò, ẹ máa wo ìta. Ìwó Road nìkan tó: "A man is pushing a barrow. Two women are arguing. The conductor is shouting. It is raining." Òjò ò ní ẹni tó ń rọ̀ ọ́, "it" ni wọ́n fi ń dí àyè yẹn, ẹ má sọ pé "rain is falling" nígbà gbogbo. Ẹ sọ ọ́ sínú o, kí ẹni tó jókòó tì yín má rò pé orí yín dàrú.

Ó ku méjì kékeré. "I am travelling to Lagos tomorrow" tọ̀nà bí ọ̀la ò tiẹ̀ tíì dé, tẹ́ ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀: 🙋 🔗 🚌⏳ 📅. Ìkejì ni "I'm coming" tá a máa ń sọ tá a bá ń jáde lọ. Láàárín ara wa ní Ìbàdàn kò sí wàhálà, a mọ̀ pé "mò ń bọ̀" ni, èèyàn á jáde á sì padà wá. Àlejò tó bá ń wo ẹ̀yìn yín tẹ́ ẹ ń lọ tẹ́ ẹ wá ń sọ pé "I'm coming", ojú ẹ̀ rí 🚶 tó ń jìnnà, etí ẹ̀ ń gbọ́ ẹni tó ń sún mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé "I'll be right back", kẹ́ ẹ máa lọ ra ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà.